Fọ́tò Àyà Màmá

Ikọ́ tí Màmá wú láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n bá dì í sínú àpò, ọkùnrin mẹ́rin kò ní lè gbé e. Ó wú ẹ̀ẹ̀kíní, ìdérí fò kúrò lórí ìkòkò. Ó wú ẹ̀ẹ̀kejì, òfìfo garawa tó wà lẹ́yìnkùlé dá a lóhùn. Nígbà tó fi máa wú ẹ̀ẹ̀kẹta, adìẹ ará ilé kejì, tí kò tíì yé ẹyin láti oṣù mẹ́ta, yé méjì pọ̀, ó sì sá fi wọ́n sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Màmá ọ̀hún kò sanra ju ìgbálẹ̀ lọ. Ibi tí irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ ń fara pamọ́ sí nínú irú ara bẹ́ẹ̀ ni dókítà ń wá. Wọ́n ti ya fọ́tò àyà rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n ní kó gbé e lọ sílé, kó gbé e padà wá lónìí, aago mẹ́wàá, kí dókítà àgbà tó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta bá a wò ó.

"Bí ẹ ò bá wá lọ́jọ́ náà, Màmá, ó di oṣù mẹ́ta mìíràn," ni nọ́ọ̀sì ti wí. "Bí ẹ bá sì wá láìmú fọ́tò dání, ẹ ò wá náà nìyẹn."

Ikọ́ yẹn kò sì jọ ikọ́ tí èèyàn lè bẹ̀ pé kó ní sùúrù oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí aago méje lù, Màmá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dáa jù, ó ti wérí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò ìwé ńlá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpò náà fúyẹ́. Ó mì í. Aáyán kan já bọ́ láti inú rẹ̀, òkú.

"Ìyàwó wa o!"

"Màámi!" Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń fẹ́ná sídìí ẹ̀wà.

"Wọ́n ti gbé àyà mi lọ!"

Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni, ògiri ibẹ̀ kò sì nípọn ju àkàrà ọmọ ìkókó lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kúrò ní yàrá Màmá, "wọ́n jí fọ́tò àyà Màmá" ni. Nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó ti di "wọ́n jí àyà Màmá." Nígbà tó máa fi dé ẹnu géètì, àwọn kan ti ń béèrè aago tí wọ́n máa sin ín, ọkùnrin kan sì ti lọ yá àga.

Ìyàwó sáré wọlé. Wọ́n tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tú orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tú inú ìrọ̀rí. Wọ́n gbọn aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ láti ìgbà tí Màmá ṣì ní eyín. Ẹnu ìyàwó kò sì sinmi.

"Ilé tí nǹkan ò ti ní ibùgbé! Mo ti ń wí i! Bàtà lórí tábìlì, òòlù nínú àpótí aṣọ, ìṣó nínú ìgò iyọ̀! Lánàá ni mo he ìṣó nínú ọbẹ̀! Bí ó bá ku ẹyọ ẹnìkan tó mọ iyì nǹkan nínú ilé yìí, èmi náà ni!"

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ síbì kan.

"Ṣé o ti bi ọkọ rẹ?" ni Màmá wí.

Ọkọ rẹ̀ kò jìnnà. Wẹ́dà ni, abẹ́ fèrèsé Màmá gan-an ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti ṣáná sí irin báyìí, ògiri yàrá Màmá á funfun bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ, èéfín irin á sì gba ojú fèrèsé wọlé láìkan ilẹ̀kùn, á jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì bí àlejò. Máfọwọ́kàn-án ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bí ewúrẹ́ bá kọjá ní ìwọ̀n òpó mẹ́ta sí ẹ̀rọ rẹ̀, á ké: "Má fọwọ́ kàn án! Ó ń pààyàn!" Ewúrẹ́ á sì gbọ́. Òun tó ń kígbe yìí ńkọ́? Sílípáàsì tó ti lu ló fi dúró sínú omi tó ń ṣàn wá láti ìdí ẹ̀rọ omi. Wáyà iná rẹ̀ bó níbi mẹ́rin, ó fi ọ̀rá dí méjì, ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ dí ìkẹta, ó sì fi ìkẹrin sílẹ̀ kí ó lè máa gba atẹ́gùn. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló ní, ti ọwọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fi wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó tẹ́ wáyà iná lé orí omi ọ̀hún, wọn ò sọ ohun tí yóò tẹ̀.

Láàárọ̀ yẹn, ojú rẹ̀ pọ́n kọjá ata. Ó ń ṣe omi, ó ń ta á bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sínú rẹ̀. Àmọ́ oníbàárà kan ń dúró de fèrèsé onírin, ojú sì ń ti Máfọwọ́kàn-án láti sọ ohun tó ń ṣe é. Ó wọ ìbòjú rẹ̀, ó ń jó irin lọ.

"Ẹ̀yin olówó orí mi!" Ìyàwó ti yọ sí i. "Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! A ń wá fọ́tò àyà Màmá."

Máfọwọ́kàn-án pa ẹ̀rọ. Kò ṣí ìbòjú.

"Ẹ ò gbọ́ ni? Fọ́tò dúdú ńlá tí wọ́n yà ní ọsibítù. Ṣé ẹ rí i?"

Kò fọhùn. Ọkùnrin tó lè fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé ìdí tí kò fi ní ohun kankan láti sọ! Ó dúró gbọnrangandan, ìbòjú lójú, bí òpó.

"Ẹ ṣí nǹkan yẹn kí n rí ẹnu tí ẹ ò fi fọhùn!"

Kò ṣí i. Ó kàn yí ẹ̀yìn sí oòrùn láti fi ojú pamọ́ fún un, ibẹ̀ ló ti ṣìṣe. Ojú ìbòjú yẹn kì í ṣe kékeré bíi ti àwọn wẹ́dà yòókù. Ó ti fi ayùn gbẹ́ ẹ fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ó ní kí òun lè máa rí iṣẹ́ dáadáa. Òkè orí ìbòjú náà sì ti jó lu, ihò gbàràmù. Oòrùn òwúrọ̀ gba ihò yẹn wọlé láti ẹ̀yìn, ó gba iwájú jáde. Màmá, tó ń tẹ ọ̀pá bọ̀ lẹ́yìn, rí egungun ìhà. Mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ó rí nǹkan ràbàtà kan láàárín wọn tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì bí ọ̀dùnkún.

Ó súnmọ́ ọn, ó wò ó dáadáa.

"Àyà mi rèé," ló wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìyàwó pariwo. Gbogbo fèrèsé ilé náà bí orí. Ẹni tó lọ yá àga gbé e dé, nígbà tó rí Màmá lóòró, ó fi àga náà jókòó.

"Ẹ fi àyà ìyá yín ṣe díńgí!" ni ìyàwó ké.

"Díńgí dúdú tó wà níbẹ̀ ló fọ́," ni Máfọwọ́kàn-án wí láti inú ìbòjú. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin. Mo wá rò ó. Mo jókòó, mo rò ó dáadáa. Iná tí wọ́n fi ya nǹkan yìí, ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi la ẹran já, tó rí egungun. Nǹkan yìí sì dúró níwájú rẹ̀, kò jó. Ṣé iná tèmi, iná lásán, iná ìjórin, ló wá máa la á kọjá?"

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ létí àwọn kan.

"O ò bi ẹnikẹ́ni kí o tó gé e?" ni Màmá wí.

"Mo bi Onítáyà."

"Kí ni Onítáyà wí?"

"Ó ní òun náà fẹ́ ọ̀kan."

Màmá di ọ̀pá mú. Ó wú ikọ́ kan. Oníkálukú di nǹkan tó súnmọ́ ọn mú.

"Aago méje ààbọ̀ ti kọjá," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ kó mi jọ."

Onítáyà wà ní òdìkejì ọ̀nà, ó ń lẹ táyà. Apá kan nínú ẹ̀dọ̀fóró òsì Màmá wà lójú rẹ̀, ó fi rọ́bà táyà so ó mọ́ ẹ̀yìn orí bí ẹni tó fẹ́ lọ wọ inú òkun.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ò rí i bí ilé yín ṣe mọ́ lójú mi?"

"Bọ́ mi sílẹ̀," ni Màmá wí.

"Háà, Màmá! Ojú mi ti mọ́ ọn lára. Ọmọ yín ló ń tan iná sí mi lójú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ń kọjá, ìràwọ̀ ni mò ń rí. Nǹkan kékeré yìí ló gbà mí."

"Ó gbà ẹ́ ni ojú ẹ ṣe pọ́n báyẹn?"

Onítáyà fọwọ́ kan ojú. Ó tú rọ́bà náà, ó fi ẹ̀dọ̀fóró lé Màmá lọ́wọ́, ó tún fọwọ́ kan ojú.

Onítáyà ní Télọ̀ náà gba ọ̀kan, ni wọ́n bá lọ bá a. Apá ọ̀tún òkè àyà Màmá ló wà lọ́wọ́ ìyẹn, ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ìrísí kọ́là, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ "mẹ́rìndínlógún ààbọ̀" sí i.

"Màmá, ẹ dákun, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ọmọ yín ní òun ní nǹkan kan tó rọ̀, tó sì le, tí kì í ya. Láti ìgbà tí mo ti ń gé kọ́là, kò sí àwòṣe tó dúró bí èyí."

"Ènìyàn mélòó lo ti fi gé kọ́là fún?"

"Mọ́kànlá. Tíṣà kan wà nínú wọn. Wọ́n ní ó mú àwọn jọ ẹni pàtàkì."

Màmá gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Télọ̀. Ó kó o sínú àpò ìwé, ó wo inú àpò náà bí ẹni tó ń ra ẹja. "Ó ku ìsàlẹ̀," ló wí. "Ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Wọ́n ní láìsí orúkọ, àyà ẹlòmíràn ni."

Gbogbo wọn padà sílé, èrò ti pọ̀ lẹ́yìn wọn. Máfọwọ́kàn-án ti ṣí ìbòjú wàyí. Nígbà tí àwọn èèyàn rí ojú rẹ̀, ẹni tó wà níwájú tẹ ẹni tó wà lẹ́yìn mọ́lẹ̀. Ojú náà wú bí búrẹ́dì inú omi. Ó di ojú méjì mú bí ẹni tó di ẹyin mú.

"Níbo lẹ jù ú sí?" Ìyàwó ń fò sókè, ó ń fò sísàlẹ̀. "Ìsàlẹ̀ ìyá yín! Níbo lẹ jù ú sí?"

"Mo fi sílẹ̀ lórí àpótí, lẹ́yìnkùlé."

"Lẹ́yìnkùlé! Ẹ gbọ́ o! Orúkọ ìyá rẹ̀ ló jù sílẹ̀ bí èèpo iṣu! Ọkùnrin tí kò mọ iyì… yéè, ẹ̀wà mi!"

Òórùn ẹ̀wà tó ń jó ti gba gbogbo ilé kan. Ìyàwó sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, èrò tẹ̀lé e, Màmá tẹ̀lé èrò. Ìyàwó gbé ìkòkò sọ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ èéfín kúrò lójú.

"Ìyàwó wa," ni Màmá wí.

"Màámi."

"Kí lo fi ń fẹ́ná yẹn?"

Ọwọ́ ìyàwó dúró lófuurufú. Ó wo ọwọ́. Gbogbo ojú wo ọwọ́. Orúkọ Màmá wà níbẹ̀ gàdàgbà, àti ọjọ́ orí rẹ̀, àti nọ́mbà káàdì, igun kan ti jó.

"Mo… mo rò pé páálí ni."

Ẹ̀wà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò, ṣìọ̀ọ̀, ṣìọ̀ọ̀. Màmá na ọwọ́, ó gba orúkọ rẹ̀, ó fi etí aṣọ nu eérú kúrò lára rẹ̀.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù. Wọ́n tò ó sórí tábìlì Télọ̀. Ti ojú ìbòjú ló wà láàárín, iná tó ń ta lára irin ti lu ú ní ihò wẹẹrẹ bí asẹ́. Ti Onítáyà wà lápá òsì, kọ́là wà lápá ọ̀tún, abẹ̀bẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àlàfo kan kù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ègé rẹ̀ wà títí di òní.

"Bó bá jẹ́ irin ni," ni Máfọwọ́kàn-án wí láti inú òkùnkùn rẹ̀, "ǹ bá jó o pọ̀."

"Pa ẹnu ẹ dé," ni ìyá rẹ̀ wí.

Kò sí téèpù, kò sí gọ́ọ̀mù. Ni Télọ̀ bá na òwú pupa sójú abẹ́rẹ́, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó rán àyà Màmá pọ̀, kírí-kírí-kírí. Nígbà tó dé ẹ̀bá ọkàn, ó rọra tẹ ẹsẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ gún Màmá.

Àwọn aládùúgbò ti yí Máfọwọ́kàn-án ká, oníkálukú pẹ̀lú egbòogi tirẹ̀. Ẹnìkan ní kí wọ́n gé ọ̀dùnkún lé ojú náà. Ẹnìkan ní wàrà inú agolo. Ẹnìkan ní kì í ṣe ti agolo, ti ìyá ọlọ́mọ ni, ó sì nawọ́ sí aya Onítáyà tó ń gbọ́mọ. Aya Onítáyà ní ọkọ òun ń bẹ níbẹ̀ o, ọkọ ọ̀hún náà sì ti ń fọwọ́ ra ojú, bí wàrà bá wà fún ojú, kí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wà lórí àga ní iyọ̀ ni.

"Ẹ yé!" Màmá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ojú kì í ṣe ọbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ nǹkan sí. Dókítà ni mò ń lọ bá. Yóò bá mi lọ."

Bí wọ́n ṣe dé òde ni wọ́n rí ìṣòro. Ọ̀nà ọsibítù kò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ fún ẹni tó ní ẹsẹ̀. Àmọ́ Màmá kò lè rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi kí ikọ́ má dá a dúró. Gbogbo ètò ìdílé ni pé ọmọ rẹ̀ máa pọ̀n ọ́n. Ọmọ rẹ̀ sì nìyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí òpó irin, ojú rẹ̀ ti tì pátápátá.

"Bẹ̀rẹ̀," ni Màmá wí.

"Màmá, mi ò ríran."

"Èmi ń ríran. Ìwọ ń rìn. Kí ló tún kù? Bẹ̀rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. Màmá gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi àpò fọ́tò sábẹ́ apá, ó di etí ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú. Ìyàwó gbé omi àti búrẹ́dì tẹ̀lé wọn, ó fi ìborùn bo ojú nítorí ìtìjú. Bí Màmá bá fa etí ọ̀tún, Máfọwọ́kàn-án á yà sọ́tùn-ún. Bó bá fa etí òsì, á yà sósì. Bó bá fa méjèèjì, á dúró. Ètò náà dára púpọ̀, àfi tí ikọ́ bá dé. Ikọ́ kì í fa etí kan. Wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti yí ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ka àkọlé iwájú fún wọn ní yíyí kọ̀ọ̀kan.

"Kòtò!" ni Màmá kígbe.

"Apá wo?"

"Inú ẹ̀ lo wà!"

Ọmọ kan bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí ìyá àgbà yẹn fi ń wa èèyàn. Ìyá rẹ̀ fa á mọ́ra, ó ní kó má wò wọ́n. Gbogbo ọ̀nà ló sì ń wò wọ́n.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n wọ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tò nìyẹn.

"Ta ni aláìsàn nínú yín?"

Màmá nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nawọ́ sókè.

Dókítà àgbà jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó fa fọ́tò náà jáde, ó gbé e kọ́ ojú iná. Ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Màmá," ló wí, "ta ló ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún yín?"

"Télọ̀."

Dókítà jókòó.

Ó fi ìka tẹ̀lé òwú pupa. "Ihò mélòó nìyí… wọ́n yìnbọn fún yín ni? Kí sì ni mẹ́rìndínlógún ààbọ̀?"

Màmá wo ọmọ rẹ̀. Ìyàwó wo ilẹ̀. Máfọwọ́kàn-án kò rí ohun tó lè wò. Nígbẹ̀yìn ni Màmá sọ ọ́, láti orí díńgí tó fọ́ dé orí abẹ̀bẹ̀, kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀.

Dókítà dìde, ó la ojú Máfọwọ́kàn-án pẹ̀lú ìka méjì. Ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ omi nídìí wáyà iná ké bí ọmọ ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, òkùnkùn tó wà lára fọ́tò yìí, ẹ̀tàn ni. Ó ń mú kí iná má ta yín lójú, ojú yín wá ń ṣí gbayawu, ohun tó ń jóni nínú iná ọ̀hún sì ń kọjá wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ojú yín ti jó níwájú. Bí ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi nínú òkùnkùn, tí ẹ ń lo oògùn, ó máa san. Bí ẹ bá tún ṣe é, tí ẹ tún ṣe é, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní san mọ́."

"Wọ́n ní kí n fi ọ̀dùnkún lé e."

"Ẹ jẹ ọ̀dùnkún." Dókítà padà sídìí fọ́tò. Ó tẹ ìka mọ́ apá kan tó mọ́ tónítóní, apá ti Onítáyà. "Ọlọ́run ló ní kí èyí má lu. Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ń jó irin ni?"

"Èmi?"

"Èéfín irin ló pọ̀ níbí. Bíi ti ẹni tó ti ń jórin láti ìgbà èwe. Níbo ni ọmọ yín ti ń ṣiṣẹ́?"

Ìyàwó ló dáhùn, pẹ̀lú ohùn tó kéré jù lọ tó ti lò lọ́jọ́ náà. "Abẹ́ fèrèsé wọn."

Dókítà kò bínú. Ì bá sàn bó bá bínú. Ó kàn kọ ìwé. Oògùn ikọ́ àti fọ́tò mìíràn fún ìyá, oògùn ojú fún ọmọ. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tí atẹ́gùn ń gbé kọjá, tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, nítorí bí iná bá gba inú omi mú un, oògùn kankan kò sí lọ́wọ́ òun fún ìyẹn. Ó ní kó wá bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ó ní kó wá ìbọ̀wọ́ méjì.

"Méjì," ni Màmá wí sí etí ọmọ rẹ̀. "Àti ti ọ̀tún."

"Àti díńgí dúdú tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà gan-an, nọ́mbà kọkànlá. Kì í ṣe díńgí mìíràn. Kì í ṣe fọ́tò ẹnikẹ́ni," ni dókítà wí.

"Ó ti gbọ́," ni Màmá wí. Ó fa etí méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, aṣọ funfun wà lójú Máfọwọ́kàn-án, Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀, ìborùn ti kúrò lójú ìyàwó nítorí pé ooru mú. Wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta irin àti nǹkan iṣẹ́ irin. Màmá fa etí. Wọ́n dúró.

"Ẹ ní díńgí dúdú ti wẹ́dà?" ló béèrè láti òkè. "Nọ́mbà kọkànlá."

Obìnrin tó ń tajà gbé e wá. Nǹkan pẹlẹbẹ kékeré ni, kò gùn ju ìka lọ.

"Èló ni?"

Obìnrin náà sọ ọ́. Màmá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Iye búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ ìyàwó yìí nìyẹn," ni Màmá wí.

"Ó kéré sí i, Màmá. Búrẹ́dì ti wọ́n sí i."

Ìyàwó wo búrẹ́dì. Máfọwọ́kàn-án gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e sílẹ̀. Màmá tú ìdí aṣọ, ó sanwó.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, Máfọwọ́kàn-án jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ lójú, ó ń jẹ ẹ̀wà tó jó. Kò bèèrè ohun tó ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ ń bu omi sí i nígbà tí kò bèèrè. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà, wọ́n ti tú wáyà rẹ̀ kúrò lára iná. Nígbà tí oníbàárà wá bèèrè fèrèsé rẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, ó rí aṣọ lójú wẹ́dà, ó rí wáyà nínú omi, ó fi ìka ẹsẹ̀ rìn jáde.

Màmá jókòó sórí àga tí wọ́n yá wá fún ìsìnkú rẹ̀. Ó ti ki díńgí dúdú náà sínú àpò kékeré tí Télọ̀ fi òwú pupa rán, ó gbé e kọ́ ọrùn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣáná nínú ilé yìí, ọrùn òun ni yóò ti wá tọrọ rẹ̀, òun yóò sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀, òun yóò wo ọwọ́ rẹ̀, kí òun tó bọ́ ọ fún un.

Onítáyà ló kọ́kọ́ dé. Ojú ti ń pọ́n òun náà gan-an wàyí, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ń jẹ ọsàn kíkan. Ó bá wọn kẹ́dùn, ó kí Máfọwọ́kàn-án pé ó kú ewu, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Màmá," ló wí níkẹyìn, "ẹ má bínú o. Mo kàn ní kí n bèèrè ni. Fọ́tò ìkejì… nígbà wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá yà á?"

Máfọwọ́kàn-án dá ẹnu ró nídìí ẹ̀wà. Ìyàwó dá omi ró. Màmá fa díńgí náà jáde láti inú àpò, ó gbé e sí ojú kan, ó di ojú kejì, ó kọjú sí Onítáyà, ó wò ó títí.

"Ó ṣiṣẹ́," ló wí. "Mi ò rí ẹ rárá."